Pátákó Orí Ìṣó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo àwọn tó yí ọ ká. Mo lérò pé ara rẹ le. Tèmi náà le níwọ̀nba, bí ara àgbà ṣe máa ń le. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí a ti gbúròó ara wa kẹ́yìn, ẹ̀bi mi sì ni. Jọ̀wọ́, má ju lẹ́tà yìí nù kí o tó kà á tán.

Ṣé o rántí pátákó kékeré tó máa ń wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi nílé iṣẹ́ aránṣọ? Èmi ni mo dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá lórí ogójì obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé ìyàgbẹ́ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kó mú un dání lọ. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí mo ní kí o bá mi kọ "MO TI GBÀYÈ" sí i, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára ju tèmi lọ. Mo fi yangàn káàkiri ilé iṣẹ́.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni ti Ẹlẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn, torí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń borí ariwo ẹ̀rọ. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá sídìí tábìlì mi lẹ́ẹ̀mejì. Pátákó wà lórí ìṣó o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pẹ́, ojú mi sì le koko. Mo ní, "Rán apá aṣọ tó kù yẹn tán ná." Ó padà jókòó. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi ń ṣàn lábẹ́ àga rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ránṣọ lọ títí a fi ṣíwọ́. A ò rí i níbi iṣẹ́ mọ́.

Ìdí tí mo fi gbaná jẹ nìyẹn lọ́jọ́ tí o ti yunifásítì dé, tí o ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní pálọ̀. O ní ẹ̀tọ́ ni ohun tí wọ́n bí ènìyàn mọ́, tí kò yẹ kó máa tọrọ. O wá bi mí pé, "Bàbá, ta ló fún yín ní àyè tí ẹ fi ń fún wọn?" Mo lé ọ jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi dáadáa, ọmọ mi. Ojú ló tì mí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo já pátákó náà kúrò lórí ìṣó, mo sì wá Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, aránṣọ mẹ́rin ló ń bá a ṣiṣẹ́. Mo tọrọ àforíjì. Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ìtọ̀ kì í sì í jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo ilé ìyàgbẹ́ yín?" Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀ rèé, bàbá. A kì í tọrọ ẹ̀ níbí." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Wá sílé, ọmọ mi. Ilé tí mo lé ọ jáde nínú rẹ̀, ilé rẹ ni. O ò ní láti gbàyè kí o tó wọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ̀ ọ́ sílẹ̀ láyé.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ.

Àfikún: Mo fẹ́ fi pátákó náà dáná, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́ nítorí ìkọ̀wé rẹ. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Fi ṣe ohun tó bá wù ọ́. Èmi ni mo ní kí o kọ ọ́. Kò sí ẹ̀bi tìrẹ níbẹ̀.