Ẹni Tí Kì Í Ṣe Àmín

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ẹsẹ̀ mi wú. Agogo méje àárọ̀ la ti wà ní wọ́ọ̀dù, a sì kọ́kọ́ gbàdúrà, bí Màmá Oníjígí ṣe máa ń ṣe. Òun ni ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lápá aláìsàn. "A ò ní rókùú lónìí o!" Gbogbo wọn: "Àmín!" Èmi ò ṣe é. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti jáwọ́. Àwa mọ́kànlá la fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ fún obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì nígbà yẹn. Ó kú, wọ́n ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Ká ní ó yè ni, wọn ì bá ní àdúrà wa ló gbà. Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti dijú, àwọn aláìsàn ni mo máa ń wò — ta ló ń mí, báwo ló ṣe ń mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Bàbá bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án kú. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ọjọ́rú, 5
Màmá ní ẹnìkan wà láàárín wa tí kì í ṣe àmín, pé òun ló jẹ́ kí ti àná ṣẹlẹ̀. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ni gbogbo ojú bá yí sí Ọlọ́wọ́-òsì, nọ́ọ̀sì tó kéré jù láàárín wa, nítorí pé ó pẹ́ dé lánàá. Ó bú sẹ́kún. Mi ò jẹ́wọ́ pé èmi ni. Ojo ni mí, ojú ń tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo lọ bá Màmá ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní Màmá, èmi ni mi ò ṣe àmín, kì í ṣe Ọlọ́wọ́-òsì. Mo ní ẹ má bínú, mi ò fi ìgbàgbọ́ yín ṣẹ̀sín, mo mọ̀ pé òun ló ń gbé yín dìde láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn bàbá yẹn tán, kò sẹ́ni tó wo sílíńdà tó wà nínú rẹ̀. Tá a bá ní àmín tí mi ò ṣe ló pa á, ta ló máa bèèrè ọ̀rọ̀ sílíńdà?
Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún títí. "O ò wá gbàgbọ́ mọ́ rárá?" Mo ní mi ò mọ̀ mọ́. "Ìyá rẹ mọ̀?" Mo ní rárá. "Má sọ fún un lórí fóònù o." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ó ní kí n máa lọ. Kò bá mi wí, kò sì dárí jì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Gbogbo wọn ni Màmá ń pè ní "ọmọ mi". Èmi nìkan ni "nọ́ọ̀sì". Ó ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 10
Màmá bẹ Ọlọ́wọ́-òsì lójú gbogbo wa. Àgbà ń bẹ ọmọdé! Lẹ́yìn náà ó ní láti òní lọ, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan ti yẹ gbogbo sílíńdà wò. Ó na ìwé àyẹ̀wò náà sí mi, kò wo ojú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá Oníjígí. Inú ni. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fi àìsàn náà pa mọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
A yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká láàárọ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Mo la ojú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó nawọ́ sí mi. "Ìwọ, má ṣe é. Ìwọ ni kí o jókòó tì mí tí wọ́n bá gbé mi jáde. Àwọn tó kù á dijú."
Ọ̀sán ni wọ́n gbé e jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó, mo tẹjú mọ́ aago, mo ń ka èémí rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó yá, ó la ojú díẹ̀.
"Mélòó, ọmọ mi?"
Mo ní mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan, Màmá. Ó dáa.
Ó ní, "Àmín."