Iyanrìn Tí Ológbò Tún Lò

Ìyá mi,

Ara mi le, mo tiẹ̀ ń sanra ní Alẹkisáńdíríà níbí. Ásíìdì olómi tí a fi ń ṣe èròjà ọṣẹ ní ilé iṣẹ́ wa ń ba omi jẹ́, la bá fi ọ̀kan tó dà bí iyanrìn rọ́pò rẹ̀. A ó lò ó, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó tún un lò. Mo sá a sórí òrùlé bí ẹ ṣe máa ń sá ilá. Ni ológbò bá lọ ṣu sí i!

Ọ̀gá wa, Dókítà Shahira, figbe ta: “Wagdi! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún un lò nìyí?”

“Mà, ológbò ló tún un lò, kì í ṣe èmi.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi níbi iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún mi, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì ń kí mi láràárọ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí ẹ bá ń fèsì, ẹ kọ “ẹnu géètì” sí ara lẹ́tà náà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ rí i.

Wagdi yín