Bàbá Oníkòkò àti Orúkọ Àwọn Sójà

Ọdún 1941 ni a bí bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Oníkòkò, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn sì ni àkọ́bí.

Wọ́n parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, wọ́n kọ́ iṣẹ́ aago títúnṣe, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1963: yàrá tí oníbàárà méjì kò lè jọ dúró sí. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ti gbé aago kan náà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan, bẹ́ẹ̀ aago náà kò ní àrùn kankan. Nọ́ọ̀sì náà ni màmá wa; wọ́n ṣègbéyàwó ní 1967.

Bàbá kò mu tábà rí; èéfín lásán a máa mú wọn wúkọ́. Síbẹ̀, ní 1974, wọ́n ra ìkòkò tábà kan lọ́wọ́ ọlọ́jà àlòkù. Sójà kan ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ lójú ogun, ní àwòrán orí ẹṣin. Bàbá fi sáńpépà họ ọ́ dáadáa, wọ́n fi fáníìṣì kùn ún, wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́ ni obìnrin àgbàlagbà kan gbé aago wá. Etí ẹṣin náà kan tó gùn ju èkejì lọ ló fi dá a mọ̀.

“Ìkòkò bàbá mi rèé! Orúkọ màmá mi tó wà nídìí rẹ̀ dà?”

Bàbá ti rò pé ìlà ara igi lásán ni, wọ́n sì ti fi sáńpépà họ ọ́ kúrò.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ti họ màmá mi dànù!”

Bàbá gbé ìkòkò náà fún un. Orúkọ yẹn ni wọn kò rí fún un.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ìkòkò àwọn sójà kiri, láì jẹ́ kí omi kàn wọ́n. Awò tí wọ́n fi ń tún aago ṣe ni wọ́n fi ń ka àmì ara wọn; wọn a wá kọ lẹ́tà sí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì láti bèèrè ẹni tó ni ín. Ìkòkò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n kó jọ; méjìdínlógójì ti padà sọ́dọ̀ ọmọ àwọn tó gbẹ́ ẹ. Màmá a ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ń kó o jọ ni àbí ẹ ń pín in?” Bàbá a rẹ́rìn-ín, wọn a lẹ lẹ́tà mìíràn pa, wọn a gbàdúrà lé e lórí.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń yí kọ́kọ́rọ́ aago ńlá ilé ìwòsàn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Nígbà tí ojú wọn di bàìbàì ní 2019, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ka àmì ara ìkòkò. Bí àwa olójú bá bá wọn jiyàn, àwọn náà ló sábà máa ń jàre.

Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní 2023. Màmá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn.

Ìkòkò mẹ́tàlélógún ló kù. Ẹnìkan ti wá bá wa láti ra gbogbo wọn. A ní kó máa lọ. Àwọn ìkòkò náà wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ìdí wọn wò kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá rí orúkọ ẹni yín, ẹ máa mú un lọ sílé.

Bàbá Oníkòkò, ẹ sinmi jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ náà ti di ọwọ́ wa. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín o.