Earlene Láti Possum Fork

Ilé wa,
Ellery, Alabama.
Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kọkànlá.

Janelle, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo sì kí ilé. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Minnesota yẹn ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ní tèmi, mo wà láàyè. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi mọ́, mo sì dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó sì bá ọ lẹ́yìn tí o ti jẹun, nítorí mo mọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní àkàtúnkà: “Mọ́mì, kí lẹ ṣe yìí?” Bí mo bá pè ọ́, o ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí o tó dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jọ̀wọ́, jókòó, kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó pè mí.

O mọ bí nǹkan ti rí fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Nígbà tí Yunifásítì Cobble Ridge gba Thurman ní akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìwọ náà wà níbẹ̀, o rí bí gbogbo ìlú ṣe ń pariwo orúkọ rẹ̀. Òòrẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ń jẹ́, àwọn olólùfẹ́ wọn sì ń dé fìlà tó ní ẹ̀gún gígùn lórí. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀gún yẹn ń mì fún ayọ̀. Ọdún kẹta rèé. Ìdíje méjì péré ni wọ́n tíì borí ní sáà yìí, ẹ̀gún kan náà ló sì wá kọjú sí ọmọ mi.

Kò síbi tí mo dé tí wọn kì í jiyàn nípa rẹ̀. Ní ilé oúnjẹ Dot níbi tí mo ti ń mu kọfí láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó rí mi. Ẹnì kan á ní, “Ẹ fún un láyè jàre. Àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀ ò lè di bọ́ọ̀lù mú, wọ́n ń jẹ́ kó máa yọ̀ bọ́ bí ọṣẹ.” Òmíràn á ní, “Àyè wo? Ọdún mẹ́ta ni ò tó? Gbogbo ìgbà ló ń ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gba àárín, àárín náà sì rèé, ògiri èèyàn ló wà níbẹ̀!” “Tí wọ́n bá lé e, ta ni wọ́n fẹ́ gbé wá? Ìwọ?” “Ìyá mi àgbà tó ti kú á ṣe é ju ẹni yẹn lọ.” Bí mo bá ti wọlé báyìí, òjò ni gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mi ò rí ìlú tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òjò tó báyìí rí.

Verlon Stubbs nìkan ni kì í fi pa mọ́. O rántí Verlon, ẹni tó ń tún tírákítọ̀ ṣe ní òpópónà Kejì. Ẹ̀yìn mi gan-an ló ń jókòó sí ní pápá ìṣeré. Bí inú bá bí i, á kọ́kọ́ fi ẹnu súnmọ́ etí mi, á ní, “Ẹ má bínú o, màmá,” lẹ́yìn náà á wá fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró ké pé, “Ẹ lé e lọ! Ẹ lé e lọ kílẹ̀ tó ṣú!” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mo ti mọ̀ pé tí mo bá ti gbọ́ “ẹ má bínú”, kí n di etí mi.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn kan wá ri pátákó “ilé yìí wà fún títà” mọ́ iwájú ilé Thurman. Josie, ọmọ rẹ̀ kékeré, bọ́ síta láti wọ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, ó rí i, ó sì sáré padà wọlé lọ béèrè lọ́wọ́ Carla ìyá rẹ̀ pé ibo ni wọ́n tún ń kó lọ. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ náà, mo sì ṣèèṣì ṣí yàrá ẹ̀yìn. Janelle, páálí ló kún ibẹ̀ dé àjà. Carla ní láti ìgbà tí wọ́n ti dé Ellery ni òun ti tọ́jú wọn, pé ìyàwó akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í da páálí nù. Ìwọ wà ní Minnesota, mi ò rí ọ ju ìgbà Kérésìmesì lọ. Thurman ti gbé Texas, ó ti gbé Idaho, àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ojú mi dáadáa kí wọ́n tó dé ibí. Ọdún mẹ́ta yìí nìkan ni mo fi ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ọmọ mi ní àgbàlá mi. Bí wọ́n bá lé e, ọkọ̀ yẹn á tún lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo ṣe ohun tí mo ṣe.

O mọ ètò rédíò tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá wù ú á pè, á sì bi í ní ohun tó bá wù ú. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú kíṣìnì. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni àkọ́kọ́ tó pè ní, “Kóòṣì, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, ṣé ẹ máa ń wo ìdíje náà, àbí ẹ máa ń sùn?” Ẹnì kejì ní, “Kóòṣì, ilé ẹ̀kọ́ wo lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàdánù, torí ẹ gboyè gidi níbẹ̀.” Thurman á sì fèsì pé, “Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín, sà.” Ẹnì kan ò kí i. Ni mo bá fi áńkáṣífì bo ẹnu fóònù, mo fún imú mi pọ̀, mo pè wọ́n.

Mo parọ́ orúkọ àti ìlú, mo ní, “Earlene ni mí o, láti Possum Fork. Mo kàn fẹ́ sọ fún kóòṣì pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ ìwà hù.” Buddy Kess, atọ́kùn ètò náà, ní, “Ẹ ṣeun, Màmá Earlene. Kí ni ìbéèrè yín?” Janelle, mi ò ní ìbéèrè kankan! Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Àfi bí Thurman ṣe wúkọ́. Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀: “Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tí o kì í dé fìlà nínú òjò? Ṣé o ti gbàgbé etí ọ̀tún rẹ ni? Etí tí mo kán òróró lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí títí o fi wọ kíláàsì kẹrin?”

Mo ń gbọ́ bí òróró ṣe ń ta nínú agbada tí wọ́n fi ń dín adìyẹ. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n rẹ ní, “Mo máa dé e, mà.” Ó wá fi kún un pé, “Ó dàárọ̀ o, Mọ́mì.” Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀, mo gbàgbọ́ pé o gbọ́ ọ láti Minnesota, nítorí wọ́n ní ẹnì kan gbà á sílẹ̀, ó sì ti ń rìn ká orí fóònù gbogbo ayé.

Mi ò lè jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn ọmọ yunifásítì ń fi òwú dí etí ọ̀tún wọn rìn kiri. Thurman wá tún gọ́tà etí òrùlé mi ṣe. Nígbà tó ń kó àkàbà rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ní, “Mọ́mì, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi àyà ara mi gba ohun tó kàn mí.” Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Mo rò pé èmi gan-an ni mo ti bá àwọn tó ń ri pátákó mọ́lẹ̀ ri í.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ pa rédíò, mi ò lè pa á. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ pè. Ó ní, “Earlene ni mí, láti Macon.” Mo ní nínú ara mi pé wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé Georgia. Ó ní, “Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí ìyá mi kú, kóòṣì yìí wakọ̀ wá síbi ìsìnkú, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó sì ti lọ kí n tó lè dúpẹ́. Mo dúpẹ́, kóòṣì.” Òmíràn pè. “Èmi náà, Earlene ni mí, láti Tupelo. Ọmọ mi ti di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kóòṣì ló ń bá a jókòó ní ilé ìkàwé títí ó fi yege.” Àwọn ìyá ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni, Janelle! Earlene ni gbogbo wọn. Mo dìde, mo fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ sítóòfù mú.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dé, ohùn bíi tírákítọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fẹ́ ṣiṣẹ́. “Earlene ni mí.” Buddy ní, “Láti ibo, màmá?” Ó ní, “Láti òpópónà Kejì.” Gbogbo ilé adìyẹ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Buddy ní, “Màmá Earlene, ohùn yín le o. Ṣé kò rẹ̀ yín?” Verlon ní, “Má dà mí láàmú, Buddy. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé èèyàn dáadáa ni kóòṣì, mo sì fẹ́ kó lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò lè gba ẹnu kan jáde ni?” Thurman rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní, “Ó lè gbà á, màmá. Èmi náà máa ń sọ méjèèjì fún ara mi.”

Lánàá ni wọ́n gbá ìdíje ìkẹyìn, ọjọ́ tí òbí máa ń bá ọmọ tó ń parí ẹ̀kọ́ rìn wọ pápá. Òjò ń wẹ̀ wá. Nígbà tí Thurman jáde síta, fìlà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí rẹ̀, ó fà á bo etí méjèèjì. Gbogbo èèyàn dìde. Àwọn ìyá yẹn dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń sunkún láìmọ èyí tó jẹ́ omi òjò. A pàdánù, Janelle. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn gbá a mọ́ òpó irin, ó sì ta padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì lọ sílé. Thurman ló lọ gbé ọmọ náà nílẹ̀.

Mo ń dúró kí n gbọ́ “ẹ má bínú, màmá”. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo rí i tí ẹnì kan da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ mi. Verlon ní, “Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Ó ṣì yẹ kó lọ.” Mo ní, “Mo gbọ́, Verlon.” Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ fi bo orúnkún yẹn dáadáa, òtútù wà ńbẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọ̀la ni àwọn aláṣẹ yunifásítì máa pè é. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mo ti ń gbàdúrà, mo sì ti wá ń ṣọ́ ẹnu mi nínú àdúrà náà, kó má baà jẹ́ pé ọkọ̀ inú àgbàlá mi nìkan ni mò ń tọrọ.

Jọ̀wọ́, yẹ táyà ọkọ̀ rẹ wò kí yìnyín tó pọ̀. Má máa fi kọfí ṣe oúnjẹ. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ, má sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, bi í léèrè etí rẹ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó fi èèyàn rere yí ọ ká níbi tí mi ò sí, kó sì jẹ́ kí n tún rí ẹ̀yin méjèèjì nídìí tábìlì kan.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò ní ṣíwọ́ àníyàn,
Ouida Pruett.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ kí Thurman tó dé ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀, mo lọ ṣílẹ̀kùn. Ọdún kan sí i ni wọ́n fún un. Ó jẹ ẹ̀wà àwo méjì, ó sì ní òun ní àdéhùn kan: Earlene ò gbọ́dọ̀ pe rédíò mọ́. Carla ò da àwọn páálí yẹn nù o, ó ní ọdún kan ò jìnnà, ṣùgbọ́n ó ti fún Josie ní ọ̀kan, ológbò ń sùn nínú rẹ̀. Verlon náà yà wá gba bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń kùn pé, “Ọdún kan! Kí ló fẹ́ fi ọdún kan ṣe?” Mi ò fún un. Mo ní kó wá gbà á lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́ ọdún tó ń bọ̀, òun ṣáà mọ ibi tí mo ń jókòó sí.