Wáṣà Inú Àpò Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè. Lẹ́yìn ọdún méje! Mo wà lórí òkìtì òkúta, níbi kan ṣoṣo tí fóònù ti ń mú nínú gbogbo àgbàlá yìí. Mo kàn gùn ún láti wò ó bóyá ẹnì kan rántí mi. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Akọ̀wé ọkọ mi" — orúkọ tó sọ mí lọ́dún tó wọlé nìyẹn, nítorí ìwé tí mo máa ń kọ yìí. Ó ní ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá. Mo bi í pé irú àìsàn wo. Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀, kí n má jẹ́ kó pẹ́. Mo ní kó gbé fóònù fún wọn. Ó ní wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, n ò ní fẹ́.

Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá fún mi lóṣooṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ níjẹta. Alágídí ló kù — jíìpù dísẹ́ẹ̀lì tí ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ pẹ̀lú mi nígbà tí wọ́n ti ibi ìfọ́-òkúta yìí pa. Àwa méjèèjì là ń ṣọ́ òkúta. Ta ló fẹ́ jí òkúta gbé?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Alágídí kọ̀. Oṣù méjì ni n ò ti fọwọ́ kàn án, látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún "tẹ́kẹ́", ó parí síbẹ̀. Orí bátìrì ti hu funfun bí orí arúgbó. Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi bébà oníyanrìn ha á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àmọ́ kò gbiná. Afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì. Mo tú bóòtù orí fíltà díẹ̀, mo ń fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré yẹn, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí ìfófòó fi dáwọ́ dúró tí ojúlówó dísẹ́ẹ̀lì ń jáde. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Wọ́n gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ó dáhùn! Èéfín funfun bolẹ̀, lẹ́yìn náà ó pòórá. Mo jó yí i ká. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo dẹrù, mo gbéra láàárọ̀. N ò tíì wakọ̀ tó ogún ìṣẹ́jú tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó wúkọ́. Ó kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán ńlá kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì — kò gbóná jù. Mo ṣí ìdérí táǹkì — dísẹ́ẹ̀lì kún. Mo dé e padà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn wẹ́rẹ́ bíi pé òun kọ́ ló kú.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú. Wákàtí mẹ́ta ló kù kí n tó dé títì, kò sílé kan lọ́nà. Mo yí padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo gun òkìtì òkúta, mo pè. Mo ní, ìyàwó wa, bí wọn ò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ẹ ṣáà bá mi bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ tó lọ, mo gbọ́ ọ tó padà. "Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fíltà."

Ẹ jọ̀ọ́! Látọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi rí. Àìsàn ti kọ́ wọn níwà.

Mo tú fíltà. Omi tó ife kan ni mo bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú. Inú mi dùn bí ẹni tó rówó he. Mo fi tuntun sí i, mo fa afẹ́fẹ́ jáde, mo tún ẹrù dì. Wọn ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ń bá ọkọ̀ mi sọ̀rọ̀. Ó sàn ju òfo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ó kú. Òkìtì ikán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò látàárọ̀. Iṣẹ́ ò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́, n ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí.

Lọ́dún méje sẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì oníbàárà wa kan nọ́kì lọ́jọ́ kẹta tá a tún un ṣe. Wáṣà bàbà kan báyìí, òrùka pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ, ni kò sí lẹ́nu páìpù ọ́ìlì. Ọ́ìlì jò tán, ẹ́ńjìnnì gan. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Mo lanu — níwájú oníbàárà, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ — mo ní, "Ẹ̀yin lẹ dè é. Ẹ ti ń dàgbà, ẹ ti ń gbàgbé nǹkan."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí oníbàárà má bínú, pé ẹ̀bi àwọn ni. Mo kó sípánà mi, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, èmi tí mo ṣẹ̀ ni mo tún ń bínú. Lọ́jọ́ kejì mo fẹ́ fọ ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Wáṣà náà jábọ́ látinú àpò.

Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá lè gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí n ní "èmi ni," kí wọ́n gbá mi létí bíi tàtijọ́, ara á tù mí. Ohun tí mo ń bá lọ nìyẹn. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún méje ni wọ́n ti ń kó tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo kí Alágídí káàárọ̀. Kò dáhùn. Aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Òní ni mo ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Mo fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà dísẹ́ẹ̀lì, mo ń wò ó bóyá á hó. Kílíìpù méjì dẹ̀, mo fún wọn le. Mo tú pọ́ǹpù kékeré palẹ̀ — rọ́bà inú rẹ̀ pé. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tú nọ́ọ̀tì nọ́súlù, ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti tú ọ̀kan, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, bí mo bá dè é, á gòkè. Ó túmọ̀ sí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Kí ló kù? Kí ló kù tí n ò tíì wò?

Mo wakọ̀. Mo ń sún mọ́ òkìtì ikán, mo ń bẹ Alágídí, mo ń kì í. Ó kú. Mo bú u. Mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú ìran ẹni tó ṣe é. Mo jókòó sí ilẹ̀ ọ̀nà fún wákàtí kan gbáko, n ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn.

Mo sunkún díẹ̀. Kí ni mo ń purọ́ fún ìwé sí? Mo sunkún gan-an. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ènìyàn nítòsí, ohùn tèmi náà sì ṣàjèjì sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo pè. Ó ní, "Ẹ ṣe kíá, Akọ̀wé. Ojoojúmọ́ ló ń dín kù." Mo bi í pé kí ló ń dín kù. Kò sọ. Mo ro gbogbo ẹjọ́ Alágídí: bó ṣe ń kú, bó ṣe ń jí. Lọ́tẹ̀ yìí n ò gbọ́ sálúbàtà. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n yín ń bèèrè pé, tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí táǹkì, ṣé kì í mí?"

Mo ní, kí ló ń mí?

"Táǹkì. Ṣé kì í fa afẹ́fẹ́ wọlé, fùù?"

Ó ń fà á! Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ló ń ṣe fùù, mo sì gbọ́ ọ, mo sì kàn ń dé e padà. Ó ní, "Kí lẹ tún fi dí i? Ẹ ti ṣe é rí nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ iṣẹ́."

Háà! Orí mi! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku òkúta ń dààmú mi. Mo gé rọ́bà tíúbù tẹ́ abẹ́ ìdérí, mo fi náílọ̀nù bò ó lórí, mo so ó pinpin. Ọgbọ́n àgbọ́njù. Dísẹ́ẹ̀lì ń jáde, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé dípò rẹ̀. Alágídí ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Bí mo bá ṣí i wò, mo ti fọwọ́ ara mi wò ó sàn, n ò mọ̀. Mo ja gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi ìṣó lu ihò kékeré kan sí ìdérí. Mo wà á fún wákàtí kan lónìí, mo ń yí àgbàlá ká bí ọmọdé. Kò wúkọ́.

Wọ́n rántí! Ohun tí mo ṣe lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ṣì rántí. Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì bà mí, torí pé wọ́n á rántí èyí tó kù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo kọjá òkìtì ikán. Mo fọn fèrè fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ń kọ èyí lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Koríko ti hù nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Nígbà tí mo dé lánàá, ẹnu ọ̀nà ni mo bá wọn. Wọ́n ti rù. Aṣọ wọn mọ́ tónítóní, n ò rí wọn láìsí ọ́ìlì lára rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní, "Dìde, dírẹ́bà, ilẹ̀ á ba aṣọ ẹ jẹ́. Ọkọ̀ ẹ wúkọ́ díẹ̀ bó o ṣe ń wọlé. Ṣé kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀?" Ohùn wọn le koko. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wo ojú wọn. Wọn ò mọ̀ mí.

Ìyàwó wa fà mí wọ inú ilé. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Orúkọ irinṣẹ́ kọ́kọ́ lọ, ó kan orúkọ àwọn ọmọ, báyìí ìyá wọn ni wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀. Mo ní, fóònù ńkọ́? Ta ló sọ̀rọ̀ fíltà? Ta ló sọ̀rọ̀ táǹkì? Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Èmi ni, Akọ̀wé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ rò pé etí mi dí ni? Bí mo bá sọ fún yín pé wọn ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣé ẹ̀ bá wá?"

Ẹni tó kó o ti gbàgbé. Èmi tí mo ṣu nìkan ló kù tí mo rántí.

Láàárọ̀ yìí mo jókòó tì wọ́n. Mo yọ wáṣà, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́."

Wọ́n gbé e sókè sójú, wọ́n fi èékánná ha etí rẹ̀. "Ti páìpù ọ́ìlì nìyí. Bó o bá gbàgbé eléyìí, ẹ́ńjìnnì á nọ́kì."

Mo ní ó nọ́kì. Mo ní mo di ẹ̀bi ẹ̀ ru ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, lójú gbogbo ayé. Mo ń retí ìgbátí.

Wọ́n dìde. Wọ́n yí Alágídí po, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Wọ́n dúró níbi ìdérí táǹkì, wọ́n fi ìka wá ihò tí mo lù. Wọ́n ní ta ló lù ú. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Táǹkì gbọ́dọ̀ mí." Wọ́n wá fi wáṣà náà sínú àpò ara wọn, wọ́n gbá mi léjìká díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn kọ́ ẹ dáadáa. Tó o bá délé, bá mi kí i."

Mo ní wọ́n á gbọ́.