Abẹ́rẹ́ Gún Mi, Mo Ń Jó

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ ìtùnú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ bò mí láṣìírí. Télọ̀ ni mí.

Ẹ̀tẹ̀ ló ṣe mí. Mo lo oògùn rẹ̀ tán, àmọ́ abẹ́rẹ́ á gún mi, n kò ní mọ̀, àfi tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Ni dókítà bá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún lé ìgúnpá mi.

Ìyàwó mi ní, "Baálé mi, oṣù mélòó ni?"

Iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ ìrora ló wú níbẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn. Nígbà tí wọ́n tún fi ẹ̀rọ wò ó, wíwú náà ti wálẹ̀.

Lánàá, abẹ́rẹ́ gún mi. Mo ké "Yéè!" Èmi àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Oníbàárà mi lanu: "Abẹ́rẹ́ gún yín, ẹ wá ń jó?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ ohun tó fà á fún un? Àbí mo ti sọ ọ́ nìyẹn? Òun náà kì í pa ètò yín jẹ.