Ọ̀rọ̀ Kan Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Mi Padà Sílé

Rosario, Ajẹntínà

Àǹtí Zulmira mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Bàbá àgbà àtàwọn ọmọ. Ikọ́ mi ti lọ.

Àǹtí, mo yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn! Bí mo ṣe ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá, olùkọ́ wa fi èdè Sípáníìṣì wọn ní, “Exquisito!” Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa ní Bùràsíìlì, nǹkan tó bá rí bákan là ń pè bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ń yí ìdáhùn mi padà, omijé ń bọ́, mo ní ilé ti yá nìyẹn. Olùkọ́ bá ké sí mi pé:

“Ọmọ Bùràsíìlì, dúró ńbẹ̀! Ta ló ní kó o ba ohun tó dùn jẹ́? Mo ní ó dára gan-an ni!”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń bẹ̀rù ìdánwò kejì o.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gàrí ránṣẹ́. Ẹ sì gba lẹ́tà tí ìbẹ̀rù mú kí n kọ ṣáájú ìdánwò, tí mo fi sọ fún Màmá pé mò ń bọ̀ wálé, kẹ́ ẹ fà á ya. Mi ò bọ̀ mọ́!

Jandira yín